Géèmù ọdún 1988 ń jíhìn bọ́ǹbù tó jù. Àwọn tiwa ńkọ́?

Géèmù kan wà tó dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí lọ. F-19 Stealth Fighter lorúkọ rẹ̀, iléeṣẹ́ MicroProse ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde lọ́dún 1988. Bó ṣe rí kò ṣòro láti ṣàlàyé. Wàá jókòó sínú bàálù ogun, wàá gbéra, wàá yọ́ wọ orílẹ̀-èdè olórílẹ̀-èdè, wàá ju bọ́ǹbù síbi tí wọ́n ní kó o jù ú sí, wàá sì wá bó o ṣe máa padà délé láàyè. Bọ́ǹbù jíjù yẹn kọ́ ló jẹ́ kí n jókòó kọ àpilẹ̀kọ yìí o. Ohun tí géèmù náà ń ṣe lẹ́yìn tó o bá ti délé ni.

Adégbayì ni mo ti rí i, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá, n'Ìbàdàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà Ifẹ̀ dáadáa, ẹ mọ̀ pé pápá ọkọ̀ òfúrufú Àlàkíá kò jìnnà síbẹ̀. Bàálù tó bá ń bọ̀ láti Àbújá máa ń wálẹ̀ débi pé èèyàn lè rí táyà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sá. Àwọn ọmọdé á máa juwọ́ sí i, ìyá tó ń dín àkàrà ò tiẹ̀ ní gbójú sókè. Bàálù tó ń fò lórí ilé kò ju ariwo lásán lọ lọ́dọ̀ wa.

Ilé géèmù tí mo yà sí níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tó wà ládùúgbò yín. PlayStation, tẹlifíṣọ̀n, àga oníke, jẹnẹrétọ̀ tó ń hó lẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù ni gbogbo wọn ń gbá, wọ́n sì ń bú ara wọn bó ṣe yẹ. Ọ̀dọ́kùnrin kan ló dá jókòó sí kọ̀rọ̀ ti láptọ́ọ̀pù tokunbo rẹ̀. Ó ní dátà tí òun fi wa géèmù náà wálẹ̀ kò tó èyí tóun ń fi wo fídíò kan lórí TikTok. Ó ti ju bọ́ǹbù rẹ̀, ó ti balẹ̀, ó rò pé ó parí. Ló bá pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó. Mo ti ṣe é tán. Kí ni wọ́n tún ń wá lọ́wọ́ mi?"

Máàpù ló ṣí sílẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà náà. Géèmù yẹn ń fi ọ̀nà tó gbà hàn án láti ìgbà tó ti gbéra. Ibi tí rédà àwọn ọ̀tá ti rí i, ó fi hàn. Ibi tó ti yin mísáìlì, ohun tí mísáìlì náà bà, èyí tó tàsé, gbogbo rẹ̀ ń jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó ti lu ohun kan lójú ọ̀nà tí kì í ṣe ohun tí wọ́n rán an. Èyí náà jáde. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tó fún un ní máàkì, máàkì náà sì kéré sí èyí tó ń retí.

Ó pòṣé. "Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó rí mi níbẹ̀ o."

"Géèmù yẹn rí ọ," ni mo wí fún un.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ àwọn tó ṣe géèmù náà, ká tó dé ibi tí mò ń lọ.

Bill Stealey jẹ́ páílọ́ọ̀tì, ó ti wa bàálù fún iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfúrufú Amẹ́ríkà. Sid Meier ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ kọ̀ǹpútà, ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Iléeṣẹ́ General Instrument ni àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́ oṣù. Lọ́dún 1982, iṣẹ́ gbé wọn lọ sí Las Vegas, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ẹ̀rọ géèmù kan tó ń jẹ́ Red Baron, géèmù bàálù ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní, irú èyí tó o máa ń ju owó ẹyọ sí kó o tó gbá a. Stealey kọ́kọ́ gbá a, àyà rẹ̀ sì le, iṣẹ́ rẹ̀ ṣáà ni. Meier jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ó sì gba máàkì tó jẹ́ bí ìlọ́po méjì tirẹ̀. Ojú ti ọ̀gá páílọ́ọ̀tì. Ó bi í léèrè ọgbọ́n tó dá. Meier ní bí Stealey ṣe ń gbá a ni òun ń wo bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ronú, pé kò tiẹ̀ le, òun gan-an lè ṣe èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Stealey ní tó bá lè ṣe é, òun lè tà á. Bí MicroProse ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Meier yìí kan náà ló padà wá ṣe Civilization lọ́dún 1991, èyí tí àwọn kan nínú yín ṣì fi ń sá fún oorun.

Wọn kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbé bàálù sínú kọ̀ǹpútà o. Bruce Artwick ti ṣe Flight Simulator fún Apple II ṣáájú wọn. Kódà nínú ìyẹn pàápàá, ẹni tí fífò lásán bá sú lè yí i sí ogun, kó máa yìnbọn lu àwọn bàálù ẹlẹ́yẹ méjì ayé àtijọ́. Ohun tí MicroProse mú wá ni pé wọ́n fi ogun ṣe ojúlówó ọ̀rọ̀ náà. Hellcat Ace ló ṣáájú, nígbà tó di 1984, F-15 Strike Eagle jáde, òun ló sọ wọ́n di ẹni ńlá.

Ẹ rántí pé kọ̀ǹpútà ilé nígbà náà kò ju ohun ìṣeré lọ lójú tiwa lónìí. Commodore 64, orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́: kílóbáìtì 64 ni gbogbo ìrántí tó ní. Fọ́tò àwẹ̀jẹ-wẹ̀mu kan ṣoṣo tí àǹtí yín fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ju gbogbo ìyẹn lọ. Inú kílóbáìtì 64 yẹn ni wọ́n ti ní láti kó bàálù, ojú ọ̀run, rédà, mísáìlì àti odindi ìlú tí wọ́n máa bọ́ǹbù sí. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n fi ìlà ya ayé. Ìlà gbọọrọ kan ni ibi tí ọ̀run ti pàdé ilẹ̀. Onígun mẹ́ta ni òkè. Àpótí kékeré ni ilé tí wọ́n rán ọ sí. Nígbà tí F-19 fi máa dé, àwọn ìlà náà ti ní àwọ̀ nínú, ṣùgbọ́n àpótí ṣì ni àpótí.

Èèyàn kankan kò sí nílẹ̀. Kò sí ẹyọ ẹnì kan.

Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Àyè kò sí. Ṣùgbọ́n ẹ fi sọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ F-19 gan-an ní ẹ̀rín díẹ̀ nínú. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é, gbogbo ayé ló ń gbọ́ àhesọ pé Amẹ́ríkà ní bàálù kan tí rédà kì í rí dáadáa, wọ́n ní F-19 ni. Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Oṣù Kọkànlá 1988 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó gbà ní gbangba pé bàálù náà wà, F-117 ló sì ń jẹ́, ìrísí rẹ̀ ò sì jọ èyí tí àwọn eléré yà. Lọ́dún 1991, MicroProse tún géèmù náà ṣe, wọ́n fi orúkọ gidi sí i. Àhesọ ni wọ́n tà fún wa lẹ́ẹ̀kíní, a sì rà á.

Nísinsìnyí, ẹ wo bí géèmù náà ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ òfin wà fún ẹni tó bá fẹ́ rí i.

Kó o tó gbéra rárá, yóò fi àwòrán bàálù kan hàn ọ́, yóò ní kó o dárúkọ rẹ̀. Inú ìwé tó bá géèmù wá ni ìdáhùn wà. Ká sọ tòótọ́, nítorí àwọn tó ń da géèmù kọ láìsanwó ni wọ́n ṣe fi síbẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ta sídíì ní Ìwó Road tẹ́lẹ̀ mọ̀ pé àwa náà wà lára àwọn tí wọ́n ní lọ́kàn. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tó ń bi ọ́: ṣé o mọ ohun tí ò ń wò? Bí o bá ṣì í, kò sí ogun gidi fún ọ lọ́jọ́ yẹn.

Lẹ́yìn náà wàá yan ibi tó ò ń lọ. Libya wà níbẹ̀, àgbègbè Persian Gulf wà níbẹ̀, àríwá Yúróòpù àti àárín rẹ̀ náà wà. Wàá tún yan irú ogun tó jẹ́, torí ohun tí wọ́n gbà ọ́ láyè láti ṣe lásìkò tí ogun gidi ti bẹ́ kọ́ ni wọ́n gbà ọ́ láyè láti ṣe lásìkò tí àwọn orílẹ̀-èdè kàn ń fojú burúkú wo ara wọn. Ní irú àsìkò kejì yìí, kí wọ́n má rí ọ rárá niṣẹ́ rẹ. Ẹ̀rọ kan wà nínú bàálù náà tó ń fi hàn ọ́ bí rédà ṣe ń rí ọ tó. Bí o bá fò sókè jù tàbí o sáré jù, ó ń lọ sókè. Bí o bá rọra fò nílẹ̀, ó ń wálẹ̀. Nígbà tó o bá wá délé, wọ́n á ṣí máàpù yẹn.

Òun ni mo fi ń pe àkíyèsí yín sí i. Àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà tó jókòó ní ìpínlẹ̀ Maryland, tí wọ́n ń wá owó, ni wọ́n rò ó pé iṣẹ́ páílọ́ọ̀tì ogun kò parí títí yóò fi sọ ibi tó gbà, ohun tó rí, ohun tó lù, àti bóyá òun ni wọ́n rán an. Stealey ti ṣe iṣẹ́ náà rí, ó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló ń rí. Kò sí báwọn ọmọ ogun tó mọ iṣẹ́ wọn ṣe ń ṣe é tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan bẹ̀rù géèmù wọ̀nyí. Ní Ìwọ̀ Oòrùn Jámánì, nínú àwọn ọdún 1980, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo ọ̀dọ́ fi F-15 Strike Eagle sórí àkọsílẹ̀ àwọn ohun tó lè ba ọmọdé jẹ́, òun àti géèmù MicroProse méjì mìíràn, Gunship àti Silent Service. Kì í ṣe pé wọ́n fòfin dè é fún àgbàlagbà. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé wọn kò gbọ́dọ̀ tà á fún ọmọdé, wọn kò sì gbọ́dọ̀ polówó rẹ̀ ní gbangba. Mo lóye wọn. Orílẹ̀-èdè tí bọ́ǹbù ti wó ìlú rẹ̀ kanlẹ̀ rí kò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ṣùgbọ́n ní tèmi, mi ò sí lára àwọn tó gbà pé géèmù ló ń ba ọmọ jẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin Adégbayì yẹn kò ní fò lọ ibì kankan, owó mọ́tò Ìwó Road gan-an ń jà á níyà. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé ojú tí géèmù fi ń wo ilẹ̀ ti di ojú tí àwọn ẹlẹ́rù-ogun gidi fi ń wo ilẹ̀.

Libya inú géèmù di Libya gidi ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹrin 1986. Amẹ́ríkà rán bàálù láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ ju bọ́ǹbù sí Tripoli, àwọn mìíràn sì kọlu Benghazi. Bọ́ǹbù kan ṣìnà, ó bọ́ sí àdúgbò Bin Ashur níbi tí àwọn èèyàn ń gbé, nítòsí iléeṣẹ́ aṣojú Faransé. F-15 Strike Eagle ti wà lórí àtẹ ní bí ọdún méjì ṣáájú, iṣẹ́ Libya sì wà nínú rẹ̀. Nínú géèmù, àdúgbò yẹn kò sí. Kò sí àpótí tí wọ́n yà fún un.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará òkèèrè nìkan nìyí. Nínú Ogun Abẹ́lé wa, ìjọba àpapọ̀ gba bàálù MiG-17 lọ́dọ̀ àwọn Soviet, àwọn ará Íjíbítì sì wà lára àwọn tó ń wà wọ́n. Ọjà àti ilé ìwòsàn wà lára ohun tí bọ́ǹbù bà ní ìhà Biafra, àwọn oníròyìn òkèèrè sì kọ ọ́ sílẹ̀. Biafra náà kò jókòó lásán. Bàálù wọn kan tó gbé bọ́ǹbù bú gbàù lójú òfúrufú Èkó ní oṣù Kẹwàá 1967, ẹ bi àwọn bàbá yín tó wà l'Ékòó nígbà náà. Ní oṣù Karùn-ún 1969, ọmọ Sweden kan, Carl Gustaf von Rosen, kó bàálù pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ márùn-ún tí wọ́n ń pè ní MFI-9B, ó so rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ wọn lápá, ó sì fi wọ́n kọlu pápá ọkọ̀ òfúrufú Port Harcourt, kí wọ́n tó yí sí Benin àti Enugu. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe géèmù bàálù ogun nílẹ̀ yìí kò nílò kó lọ yá Libya lò.

Nígbà tí ogun parí ní oṣù Kìíní 1970, wọ́n ní kò sẹ́ni tó ṣẹ́gun, kò sẹ́ni tí wọ́n ṣẹ́gun. Ó dùn ún gbọ́ létí. Ṣùgbọ́n ibi tí kò ti sí olúborí àti ẹni tí wọ́n borí, ta ló máa ṣí máàpù? Ọjà tí bọ́ǹbù bà, ta ló máa jíhìn rẹ̀? A pa ìwé náà dé, a ní ká jẹ́ kó lọ.

Ìgbà tó tún ṣẹlẹ̀, àwa tí a ń ka ìròyìn lórí fóònù ti dáyé. Ọjọ́ 17, oṣù Kìíní 2017, bàálù iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfúrufú Nàìjíríà ju bọ́ǹbù sí ibùdó àwọn tí Boko Haram lé kúrò nílé ní Rann, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kala-Balge, ìpínlẹ̀ Borno. Oúnjẹ ni wọ́n ń pín lọ́wọ́. Àwọn tó kú lé ní 100. Òṣìṣẹ́ Red Cross wà lára wọn. Kí n má purọ́ mọ́ ológun: ọjọ́ náà gan-an ni ọ̀gágun Lucky Irabor, tó ń darí ogun lágbègbè náà nígbà yẹn, jáde tó sì gbà pé àwọn ló ṣe é. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá sọ ohun tí wọ́n rí ní oṣù Keje ọdún yẹn, àlàyé ṣókí ni wọ́n fún aráàlú, ìjábọ̀ náà lódindi kò jáde. Kókó ohun tí wọ́n sọ ni pé máàpù tí wọ́n ń lò kò fi hàn pé ibùdó àwọn tí ogun lé wà níbẹ̀.

Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Máàpù kò fi hàn pé èèyàn wà níbẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń gbé lábẹ́ tapólì níbẹ̀, àwọn àjọ ńláńlá àgbáyé ń gbé oúnjẹ àti oògùn lọ síbẹ̀, àwọn sójà tiwa fúnra wọn wà ní Rann. Ṣùgbọ́n lójú kọ̀ǹpútà, àyè ṣófo. Commodore 64 ní àwíjàre, kílóbáìtì 64 ló ní. Kí ni àwíjàre tiwa?

Tudun Biri tẹ̀ lé e, ní ìjọba ìbílẹ̀ Igabi, ìpínlẹ̀ Kaduna. Alẹ́ ọjọ́ 3, oṣù Kejìlá 2023 ni. Àwọn ará abúlé péjọ fún Máólúùdù. Dúróònù iléeṣẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ ju bọ́ǹbù lù wọ́n. Àjọ NEMA ka òkú 85. Àwọn tó yè é sọ pé bọ́ǹbù kejì bá àwọn tó sáré wá gbé àwọn tí àkọ́kọ́ ṣe léṣe. Àlàyé tí ológun ṣe ni pé bí àwọn èèyàn náà ṣe kóra jọ ni wọ́n ṣì túmọ̀, wọ́n rò pé àwọn agbébọn ni. Ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ lọ síbẹ̀, ó tọrọ àforíjì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, iléeṣẹ́ ààbò kéde pé òṣìṣẹ́ méjì máa jẹ́jọ́ níwájú ilé ẹjọ́ ológun.

Ẹni tó ń darí dúróònù kì í sí nínú rẹ̀. Ó jókòó síbì kan, ó ń wo síkíríìnì, bí ọ̀dọ́kùnrin tó wà ní kọ̀rọ̀ ilé géèmù Adégbayì gẹ́lẹ́. Àwọn àmì kéékèèké ló ń rìn lórí síkíríìnì náà. Ṣé o mọ ohun tí ò ń wò? Géèmù 1988 bi í kó tó jẹ́ kó gbéra. Tudun Biri fi hàn pé ẹni tó yẹ kó bi í lálẹ́ ọjọ́ yẹn kò bi í tó.

Mo mọ èsì tí àwọn kan á fọ̀. Wọ́n á ní ogun ni, àṣìṣe ń ṣẹlẹ̀ níbi gbogbo, Amẹ́ríkà alára ṣe é. Òótọ́ ni. Wọ́n á tún ní àwọn agbébọn ń pa wá, ṣé kí àwọn ọmọ ogun káwọ́ gbera ni? Rárá. Mo ní ẹ̀gbọ́n tí kò lè dé oko mọ́ nítorí ajínigbé, mi ò sì fẹ́ kí bàálù ogun wa jókòó sílé. Àwọn Super Tucano 12 tí a rà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dé lọ́dún 2021, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fò. Ohun tí mò ń bèèrè ni ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá balẹ̀.

Wọ́n á wá mú ọ̀rọ̀ àṣírí ààbò jáde. Ibí yìí gan-an ni òfin ti ń sọ̀rọ̀. Abala 33 ìwé òfin 1999 fún gbogbo ẹni tó wà ní Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti wà láàyè, kò yọ ẹni tó ń gba gàrí ní ibùdó Rann sílẹ̀. Abala 46 ní ẹni tí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú lè lọ sí ilé ẹjọ́ gíga. Ọdún 1988 kan náà tí F-19 jáde ni Nàìjíríà wọ àdéhùn àfikún Geneva tó dáàbò bo aráàlú nínú ogun abẹ́lé. Òfin FOI ti 2011 sì sọ pé ẹnikẹ́ni lè bèèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba láìsọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, kí wọ́n sì dá a lóhùn láàárín ọjọ́ méje. Abala 11 òfin náà gbà wọ́n láyè láti fi ọ̀rọ̀ ààbò pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró ní ìlà àkọ́kọ́ bí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ṣe máa ń fẹ́ kẹ́ ẹ dúró. Abala yẹn kan náà tẹ̀ síwájú pé wọn kò gbọ́dọ̀ fi í pamọ́ tí àǹfààní tó máa ṣe fún aráàlú bá ju ìpalára tó máa fà lọ.

Iye tí mísáìlì kan ń jẹ, bí dúróònù ṣe ń fò, ibi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, ẹ tọ́jú ìyẹn. Kò sẹ́ni tó bi yín. Àṣírí wo ló wà nínú orúkọ àwọn tó kú? Àṣírí wo ló wà nínú ìdí tí ibùdó tí gbogbo ayé mọ̀ kò fi sí lórí máàpù?

Ará Adégbayì lè ní kí ló kan òun. Bàálù tirẹ̀ ń lọ sí Àlàkíá ni, àwọn aláṣọ funfun ló kún inú rẹ̀. Àwọn agbébọn ti ń sún mọ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti ìhà àríwá rẹ̀ o, inú igbó ni wọ́n sì máa ń fara pa mọ́ sí, bẹ́ẹ̀ inú igbó náà ni àwọn àgbẹ̀ wa ń gbé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé dúróònù wá síhà ibí láti lé wọn, abúlé oko wo ní Lagelu tàbí Akínyẹlé ló dá yín lójú pé ó wà lórí máàpù ẹni tó jókòó sídìí síkíríìnì? Ahéré mẹ́fà, igi kòkó, kànga kan. Lójú kọ̀ǹpútà, àpótí ni.

Ọ̀dọ́kùnrin yẹn bi mí bóyá ẹnikẹ́ni lè kọ lẹ́tà FOI, àbí lọ́yà nìkan ni. Mo ní ẹnikẹ́ni ni, ojú ewé kan tó, kò nílò ẹ̀dìdì, kò nílò kó mọ ẹnì kankan l'Ábújá. Iléeṣẹ́ tó ń rí sí ètò ààbò ló máa kọ ọ́ sí. A jọ kọ àwọn ìbéèrè náà sí fóònù rẹ̀ níbẹ̀, bí àwọn tó kù ṣe ń pariwo góòlù. Ẹ fún wa ní ìjábọ̀ ìgbìmọ̀ Rann lódindi. Ilé ẹjọ́ ológun lórí Tudun Biri, ọjọ́ wo ló jókòó, kí ló sì dá? Èló ni wọ́n san fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ibi méjèèjì, ta ló sì gbà á? Èyí tó kẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ ló ní ká fi sí i: máàpù tí ẹ̀ ń lò báyìí, ta ló ń fi abúlé tuntun sí i, ìgbà wo ló sì ṣe é kẹ́yìn?